Irin Funfun Tí Kì Í Pọ́n

Lánàá, ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi nílé ìdáná. Ó dún wọnranwọnran, ó yí, ó sì dákẹ́. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Àyà tèmi já.

Àgbàlá wa ní Igbó-Elérin ni mo rántí, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù. Àwọn mẹkáníìkì Ìyànà Ìbà ń kó àfọ́kù ẹ́ńjìnnì wá bá a, àwọn obìnrin ń kó ìkòkò tó ti lu wá. Gbogbo rẹ̀ á yọ́ nínú iná, á máa ṣàn bí omi, wọ́n á wá dà á sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ bí ìkòkò.

Mo fẹ́ràn irin yẹn. Ó fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò ńlá. Bí o bá là á mọ́lẹ̀, á tẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń dẹ́rù bà wá. Irin dúdú máa ń pọ́n tó bá gbóná. Èyí kì í pọ́n. Funfun ni nígbà tó tutù, funfun náà ni nígbà tó lè bó èèyàn láwọ.

Ìyá bàbá mi wá láti Abẹ́òkúta láti wo àbúrò mi, Bísí, tó ń kọ́ ìjókòó. Alágbẹ̀dẹ lọkọ rẹ̀ kó tó kú. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń fẹ́ná fún un. Láyé ìgbà náà, inú abọ́ tàbí ìkòkò fífẹ̀ la máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí, kó má baà ṣubú.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ìkòkò ńlá kan jáde nínú yẹ̀pẹ̀, ó kọ̀yìn sí i. Ìyá àgbà gbé Bísí dé.

"Ọlọ́mọge, jẹ́ ká wò ó bóyá ó gbà ẹ́."

Ooru ààrò ti gba gbogbo àgbàlá, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ń ti ara ìkòkò wá. Sẹ́tónjì, ará Ẹ̀gùn tó ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé: "Mo lanu, ohùn ò jáde. Ẹsẹ̀ ọmọ ni mo ń wò."

Ìyá mi ló ké: "Màmá, ẹ dúró! Ó gbóná!"

Ìyá àgbà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Gbóná kẹ̀? Ṣé ìwọ lo fẹ́ fi irin hàn mí? Ṣé o rí i tó pọ́n ni?"

Ó ń sọ ọmọ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ń sáré bọ̀, kò lè dé ibẹ̀. Eyín ń yọ lẹ́nu Bísí, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀kán kan já sínú ìkòkò. Ó dún ṣàà, ó di èéfín.

Ìyá àgbà fa ọmọ náà sókè, ó ṣubú jókòó sínú yẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Irú irin wo lèyí," ló ń bi bàbá mi, "tí kì í sọ fún èèyàn?"



Ojú ààrò wa ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù báyìí. Ìkòkò tí ẹ̀yin ọmọ òde òní ń rà, inú páálí lẹ ti ń bá a. Ẹ ò mọ ìgbà tó gbóná. Bísí alára ti dìyá ọlọ́mọ. Tí a bá sọ ìtàn yìí, á ní, "Ẹ tún ti dé." Ṣùgbọ́n ìyá wa ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Tí Bísí bá kúnlẹ̀ kí i, á kọ́kọ́ nawọ́, á fọwọ́ wá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó tó dáhùn.