Ogójì Abẹ́rẹ́ Màmá Aránṣọ

Ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá Aránṣọ kó sì máa lọ, kó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bí o bá ti wọlé, abẹ́rẹ́ ló máa kó lé ọ lọ́wọ́, ogójì géérégé, pẹ̀lú òwú dúdú àti òwú pupa. Àga rẹ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa. Bí o bá ti ki òwú bọ gbogbo wọn, tí o sì gún wọn sára tìmùtìmù kékeré orí tábìlì, o lè wá sọ ohun tó gbé ọ wá.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìyá, ó rán fún ọmọ, ó sì ti bá ọmọ-ọmọ tú tirẹ̀ fẹ̀ níbàdí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ aṣọ bí ẹnu ṣe mọ ọ̀nà oúnjẹ nínú òkùnkùn. Ojú ló dà á. Láti ọdún tó kọjá ni ihò abẹ́rẹ́ ti ń sá fún un, kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnì kankan. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó ń rọ abẹ́rẹ́ láyé ìsinsìnyí ti ya ọ̀lẹ, wọn kì í lu ihò rẹ̀ dáadáa mọ́.

Àdúgbò gbọ́, wọ́n ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Àwọn náà kúkú ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa yọjú sí i, torí ó ń dá gbé, ó sì kórìíra kí wọ́n máa kí i ní pẹ̀lẹ́ bí aláìsàn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ní òun fẹ́ máa wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, Màmá lé e jáde. Nígbà tó padà wá, tó ní òun wá ki òwú ni, Màmá fún un lága. Láti ìgbà náà, bí Nọ́ọ̀sì bá ti ki ogún abẹ́rẹ́, á so rọ́bà tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, Màmá á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọjọ́ Ajé ni ti Nọ́ọ̀sì. Ọjọ́rú ni ti Oníbúrẹ́dì, tí ìka rẹ̀ sanra débi pé abẹ́rẹ́ ń sọnù láàárín wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni ti Ọ̀gá Ọlọ́pàá, tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń yọ ahọ́n síta bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bó bá ń ki òwú. Òun ló kọ ọjọ́ kálukú sínú ìwé. Ẹni tó bá ti ṣe ọlọ́pàá rí kò lè ṣe kó má kọ nǹkan sílẹ̀.

Àfi bí ọmọ Màmá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì nílùú mìíràn, ṣe tẹ̀ ẹ́ láago pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun ti tún yàrá kan ṣe. Bí òun bá rí i pé Màmá ò lè dá nǹkan ṣe mọ́, àwọn jọ ń lọ ni. Màmá ní kó máa bọ̀, kó sì ra òwú funfun dání, tòun ti tán.

Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó rántí yàrá náà. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ọmọ yìí rí. Aago méje àárọ̀ ò ní lù tán kí gbogbo wọn tó jáde, òun àti tẹlifíṣọ̀n ló ń kù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn jà nítorí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

Ọ̀gá Ọlọ́pàá gbọ́, ó pèpàdé sí ilé búrẹ́dì, kò sì jẹ́ kí Màmá mọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ o; oníbàárà ni kí gbogbo àwọn jẹ́. Kí kálukú wá nǹkan ya, kó gbé e wá fún àtúnṣe, bí àpẹẹrẹ, àpò ẹ̀wù. “Bí àpẹẹrẹ” yìí ló kó bá wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ Màmá jókòó, ó ń wo àtẹ̀gùn, ó ń wo sítóòfù bí ẹni tó fẹ́ yá wọn lówó. Nọ́ọ̀sì wọlé, àpò ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ funfun ń já wálẹ̀. Oníbúrẹ́dì wọlé, àpò tirẹ̀ náà ń já wálẹ̀. Ọ̀gá Ọlọ́pàá dé, ó nà gbọnrangandan, àpò rẹ̀ ń fì níwájú rẹ̀. Màmá fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan wò. Sísọ́ọ̀sì ló gé e, ó tọ́ bíi rúlà. Ó gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ òde òní ti burú jù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbéwiri kan ló ń dààmú àdúgbò yìí ni?” ni ọmọ rẹ̀ bi wọ́n. “Kí wá ni àwọn ọlọ́pàá ń ṣe?”

Ọ̀gá Ọlọ́pàá wúkọ́, ó gbójú sókè àjà.

Ọmọ ní ó dáa, kí Màmá rán ọ̀kan kí òun wò ó. Dúdú àti pupa ni gbogbo òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́, ẹ̀wù Nọ́ọ̀sì sì funfun báláú. Ó gbé òwú funfun tó rà kalẹ̀. Màmá lá ẹnu òwú, ó na abẹ́rẹ́ sókè. Òwú gba apá òsì kọjá. Ó tún un ṣe, ó gba apá ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Ọlọ́pàá na ọwọ́, ó gba abẹ́rẹ́, ó yọ ahọ́n, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ìgbà tó ṣe é tán ló tó rántí pé oníbàárà lòun.

Ọmọ wo Ọ̀gá Ọlọ́pàá, ó wo tìmùtìmù. “Ta ló ki àwọn yìí?”

Ìka Oníbúrẹ́dì dìde fúnra rẹ̀.

“Ojú mi ò rí ihò mọ́,” ni Màmá wí. “Mo parọ́ mọ́ àwọn tó ń rọ abẹ́rẹ́.” Ó ti ń rán aṣọ lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. “Nílé rẹ, mo máa ní yàrá, mo máa ní fáànù. Ta ló máa ki òwú fún mi?”

Ọmọ ń ro wákàtí tí kálukú ń jáde nílé rẹ̀, kò rí ẹni tó máa ń kù sílé. Ó fa àpò tí Màmá rán, àpò ò mira. Níkẹyìn ó ní ó dáa, kó dúró, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó ti pé ọdún kan tí Màmá ò ti gbà kí ẹnikẹ́ni mú kọ́kọ́rọ́ yìí.

“Mo gbà,” ni Màmá wí. “Ìwọ náà á gba ọjọ́ kan.”

Ọ̀gá Ọlọ́pàá ti ṣí ìwé. Ó ní Sátidé ṣófo. Ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi òun ni Sátidé. Màmá ní ìjókòó náà la fi ń ki òwú.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú awò ojú àti iná tábìlì. Ọ̀sán pọ́n, mọ́kànlá péré ló ti kì. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní Ọ̀gá Ọlọ́pàá máa ń ki ogójì tán kí tíì rẹ̀ tó tutù. Ọmọ báńkì bọ́ aago ọwọ́, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó fa iná mọ́ra. Irọ́ gbáà ni Màmá pa. Odindi ọjọ́ ni Ọ̀gá Ọlọ́pàá fi ń kì í, pẹ̀lú búrẹ́dì méjì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì ṣú, Màmá ò sì tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tó ní í bá ọmọ rẹ̀ sọ.