Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tí N Kò Gbọ́

Nínú ilé wa ní Òwu, mo so DAC, àpótí kékeré tó ń jẹ́ kí orin inú kọ̀ǹpútà jáde ketekete, mọ́ sítẹ́ríò wa. Mo fi orin àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń darí sí i. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná.

"Ẹ gbọ́ bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe ń dún."

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Mo tú wáyà, mo tún un so, mo yí ohùn sókè. Dùùrù àti ohùn akọrin nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tó wo ojú mi, ó pa ẹ̀rọ náà, ó jókòó tì mí.

"Lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ rí dókítà etí."

Mo ní ó dáa. Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni ìdánrawò wa, n kò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn.