Súwẹ́tà Tí Wọ́n Pè Ní Àkísà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ketu kò tíì di ibi tí èèyàn ń fi èjìká gbún ara wọn báyìí. Ẹnu ọ̀nà ilé wa, lápá Ìkòsì, ni ìyá mi gbé ẹ̀rọ tó fi ń hun súwẹ́tà sí. Ilé ẹ̀kọ́ wa ló ń hun ún fún, aláwọ̀ ewé, ọrùn rẹ̀ funfun. Ìyá Onísúwẹ́tà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tiwa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù, ní Apapa. Ó gbáfẹ́, a sì máa fún àwa ọmọdé ní bisikíìtì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, itọ́ ẹnu mi a korò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, lọ́rì já béèlì aṣọ sí àgbàlá wa. Òórùn ọ́ìlì mọ́tò gba gbogbo ilé. Ọkùnrin náà bẹ ìyá mi pé kó bá òun fọ aṣọ inú rẹ̀, òun yóò ṣe é lóore. Ìyá mi tú ọ̀kan. Àkísà dúdú tó rin gbindin fún ọ́ìlì ló wà lókè. Nígbà tó kó wọn kúrò, súwẹ́tà ọmọdé ló bá nísàlẹ̀, tuntun, aláwọ̀ ewé bíi ti ilé ẹ̀kọ́ wa gan-an, ọ́ìlì ti kán sí wọn lára. Ó yí inú ọ̀kan síta, ó wo ojú híhun rẹ̀.

"Ọ̀gá, súwẹ́tà tuntun mà nìyí. Kí ló dé tí ẹ da ìdọ̀tí lé e?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ tí ẹrù bá ń jẹ́ ní wáàfù ni wọ́n fi ń mọ owó ibodè tó máa san. Súwẹ́tà àti gbogbo aṣọ tí wọ́n hun bẹ́ẹ̀ ní iye tiwọn, owó gọbọi ni. Àkísà tí mẹkáníìkì fi ń nuwọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni.

"Ìyá Onísúwẹ́tà, àkísà ni mo pè é ní Apapa. Tó bá ti dé Mile 12, mo máa pè é ní súwẹ́tà. Ṣé ó wá le ni?"

"Òwú tí mo fi ń hun tèmi ńkọ́? Ẹni tó ń tà á fún mi san owó ibodè tirẹ̀, ó sì gbé e lé mi lórí."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn."

Ìyá mi fi béèlì náà sílẹ̀, ó lọ fi ọṣẹ fọwọ́, ó tún un fọ̀. Àwọn mìíràn ló fi bẹntiróòlù àti ọṣẹ fọ aṣọ náà fún un.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá wa kéde pé ọ́fíìsì òun nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ máa ra súwẹ́tà. Súwẹ́tà ọkùnrin yẹn ló ń tà. Ìyá mi, tí èyí tó ti hun sílẹ̀ kún àpótí, mú mi lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ màdáámù.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn gbóòórùn súwẹ́tà tí ẹ ń tà yìí."

"Ìyá, ti ìlú òyìnbó nìyí. Etí títì lẹ ti hun tiyín."

Kò gbóòórùn rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ọmọ tí a jọ ń jókòó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọrùn rẹ̀ títí ó fi di egbò. Súwẹ́tà náà a lẹ̀ mọ́ ọn, àfi kí a fi omi rin ín kó tó ṣeé bọ́. Màdáámù ní ọyẹ́ ló fà á. Ìyá mi gba súwẹ́tà náà lọ́wọ́ ìyá ọmọ yẹn, a wọkọ̀ lọ sí Apapa. Aṣọ́bodè kan gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó wo ìwé ẹrù ọkùnrin náà, ó gba súwẹ́tà náà, ó nà án sókè. Ó rí ọrùn rẹ̀, ó rí apá rẹ̀ méjèèjì, ó rí ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tó gbẹ sí i. Ó ní:

"Ìyá, àkísà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Àkísà náà ni."

Ìyá mi kò bá a jà. Nígbà tí a jáde, ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tutọ́. Nígbà tí a délé, ó mú òwú tó dára jù hun súwẹ́tà fún ọmọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà ló ta ẹ̀rọ náà fún ẹnì kan ní Ojota. Tòmátì ló tà títí ó fi darúgbó. Ọkùnrin yẹn kọ́lé sí Magodo, wọ́n sì fi í joyè níjọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà lóòótọ́. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wáàfù wá kí mi, ó ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ pé, "Gráńmà, kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe é báyìí o! Oríṣi ẹrù kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tówó ibodè rẹ̀ kéré lèèyàn máa yàn fún aṣọ, ó parí." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà tiwa, ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ kò jẹ́ sọ ọ́ níwájú ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń wọ àwọn aṣọ náà. Ó ní òun kò mọ̀. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan yí tábìlì náà ká, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó dẹ́kun jíjẹun.