Bọ́tìnnì Tí Ìdọ̀bálẹ̀ Tú

Pá! Bí mo bá gbọ́ ìró yẹn lára báàgì ẹnikẹ́ni, tàbí lára bàtà ọmọdé, ọkàn mi a ti fò lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé kan ní Moss Side, níbi tí mo ti jẹ́ ayálégbé nígbà tí mò ń kàwé ní Manchester. Àwọn ọdún 1980 ni mò ń wí o, nígbà tí àwọn ilé gíga Hulme ṣì wà ní ìdúró, kí wọ́n tó wó wọn. Iṣẹ́ aṣọ àti ohun èlò aṣọ ni mo lọ kọ́. Bí àwọn ará ilé bá kọ lẹ́tà sí mi láti Ìbàdàn, "Ẹnjiníà" ni wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ mi, èmi náà kò sì jẹ́ kọ̀wé padà láti ṣàlàyé pé bọ́tìnnì ni mò ń ṣe ẹnjiníà rẹ̀.

Kì í tilẹ̀ ṣe bọ́tìnnì olójú mẹ́rin tí à ń fi òwú gán. Èyí tí à ń tẹ̀ ni, tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní prẹ́sì, tó ní akọ, tó sì ní abo. Akọ ní orí roboto kan. Abo ní ihò, wáyà tín-ínrín kan sì wà nínú ihò náà. Bí o bá ti tẹ akọ wọ inú abo, wáyà yẹn á gbá a mú lọ́rùn, ìyẹn ló ń dún pá. Ó wà lára ìbọ̀wọ́, ó wà lára bàtà, ó wà lára kóòtù òjò. Fásitì rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Broughton tí wọ́n ti ń ṣe é, lábẹ́ ọ̀gá kan, òyìnbó arúgbó tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kó tó hu irùngbọ̀n. Ọ̀gá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi dé, á gbé e súnmọ́ etí, á tẹ̀ ẹ́, á tú u, á wá ní, "Kò tíì mọ ohun tó ń ṣe." Bọ́tìnnì ló ń bá wí, àmọ́ èmi ni ọ̀rọ̀ náà ń ta.

Ìyá Onílé, ẹni tó ni ilé tí mò ń gbé, opó ni, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nínú ilé yẹn, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ọsibítù ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì ti ń jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Princess Road. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò. Ní òwúrọ̀ kan nínú ọ̀gìnnìtìn, mo bá a lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó wọ kóòtù, ó ń bá bọ́tìnnì àkọ́kọ́ jà, omi ti lé ròrò sí i lójú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín dè é, mà." Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Nígbà tó ṣe, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ń wo aago ara ògiri, mo sì de márààrún.

Bó ṣe di iṣẹ́ mi nìyẹn. Láràárọ̀ ni màá jáde tojú-oorun-tojú-oorun, òun á gbé àgbọ̀n sókè, á máa wo aago. Yóò ní, "Tètè, Ẹnjiníà, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè wá." Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ tán, kò sẹ́ni tó tún ń mẹ́nu bà á nínú àwa méjèèjì.

Ọjọ́ kan ló bá mi sọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí sí Manchester níbẹ̀ àmọ́ tó ti kó lọ sí London, ti ń pè lórí fóònù pé kí Mọ́mì wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó ń bọ̀ ní Àjíǹde láti wá fojú ara rẹ̀ wo bí ìyá òun ṣe wà. Ìyá Onílé ní, "Bó bá rí i pé mi ò lè wọ kóòtù fúnra mi, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n á ta ilé yìí. Wọ́n á fi mí sí yàrá kan lókè, wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá fún mi bíi ti ológbò. Ọmọ dáadáa ni o. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ibẹ̀."

Ẹnu mi kì í gbélé nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, mà. Kí Àjíǹde tó dé, ẹ̀ ẹ́ máa dè é fúnra yín."

Ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ."

Mo ní, "Tàgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè."

Ó ní, "O gbọ́ òwe. Ó kù ká rí bọ́tìnnì."

Lójú tèmi, bọ́tìnnì tó dára ni èyí tí kò ní já láéláé. Mo ṣa èyí tó le jù níbi iṣẹ́, irú tí wọ́n ń fi sára bàtà àwọn òṣìṣẹ́, mo kàn án mọ́ kóòtù Ìyá Onílé, mo tẹ̀ ẹ́ fún un láàárọ̀, ó sì bọ́ sọ́nà. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó bá wọ aṣọ yóò bọ́ ọ. Nínú kóòtù onírun yẹn ló ti nu ilẹ̀ ọsibítù láti àárọ̀ dọ̀sán, nínú ilé tí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlégbóná sí, tó gbóná bí ààrò. Nígbà tó délé, òógùn ti fọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi tú u sílẹ̀. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Kóòtù ni mo ní kí o bá mi tún ṣe, o sọ ọ́ di àhámọ́."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo dín agbára wáyà náà kù, mo sì fẹ orí bọ́tìnnì náà lójú, kó lè jẹ́ pé kò ní lo ìka rárá. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ara rẹ̀. Mo gbé e sórí ẹ̀rọ ní fásitì, ẹ̀rọ náà fà á sókè, ó sọ iye agbára tó ní, mo kọ ọ́ sínú ìwé, orí mi sì wú. Mo rán irú rẹ̀ márùn-ún mọ́ kóòtù ara mi, mo sì ní kí Ìyá Onílé wá sí Broughton ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ kó wá wò ó, níṣojú Ọ̀gá.

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú fìlà tó ń dé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní, "Wọlé, love," bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe máa ń pe gbogbo obìnrin. Ìyá Onílé yíjú sí mi, ó ní, "Ta ni lọ́ọ̀fù rẹ̀?" Àárọ̀ kùtù ni mo ti kúrò nílé lọ́jọ́ náà, n kò tíì kí i. Bí mo ṣe rí i báyìí, ara mi kò bi mí léèrè kó tó ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́.

Pá-pá-pá-pá-pá! Márààrún ló já. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Èmi nìyẹn nínú eruku idẹ, kóòtù ṣí sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ojú sì ń tì mí débi pé n kò fẹ́ dìde mọ́.

Ọ̀gá bi Ìyá Onílé pé, "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ìyá Onílé dáhùn pé, "Ó ń kí mi ni."

Ọ̀gá ronú díẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Tún un ṣe."

Mo tẹ bọ́tìnnì padà, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe sí i. Bàbá arúgbó yẹn fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ láti wo èyí tó ń kọ́kọ́ já. Wọ́n gbé àga fún Ìyá Onílé, ó jókòó síbẹ̀ bí olorì, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti wólẹ̀ ló ń dáhùn láìfo ọ̀kan: "O káre, ọmọ mi. Dìde. Wàá dàgbà." Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo kí i lọ́jọ́ náà. Ó ní ìyàwó tuntun pàápàá kì í kí ìyá ọkọ tó bẹ́ẹ̀. A wá rí i pé láti ìsàlẹ̀ ni aṣọ ti ń ká sókè bí mo bá ti ń lọ sílẹ̀, tó sì ń gbé etí bọ́tìnnì náà, tí yóò fi já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fásitì kò lè mọ ìyẹn, òkè gangan nìkan ló ń fà sí. Ẹ̀rọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

Bí a ṣe ń lọ sí ìdí bọ́ọ̀sì ni Ìyá Onílé fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Má da ara rẹ láàmú. O ti gbìyànjú. London náà ní bọ́ọ̀sì." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn. Máàkì tí fásitì máa fún mi ni mo ti ń rò látọjọ́ yìí, mo ti fi ilé onílé ta ayò.

Mo sùn lé e, mo jí lé e. Ohun tó wá sọ́kàn mi ni pé ara ń fà á láti ìsàlẹ̀ àti láti ẹ̀gbẹ́, àtàǹpàkò tí Ìyá Onílé máa fi tú u sì ń bọ̀ láti òkè nìkan. Ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì náà le lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, kó wá rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Èmi àti Ọ̀gá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ́ ẹ, a yọ ọ́ níbí, a fi kún un lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ kan ó gbé e sétí, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Ó ti mọ ohun tó ń ṣe." Ayọ̀ mi kò ṣe é gbé mì. Mo ní ó yẹ ká yára lọ fi orúkọ mi sílẹ̀ níjọba pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ọ̀gá ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú àpò ológun kan jáde, tó ti pọ́n, tó ti gbó. Bọ́tìnnì ara rẹ̀ le lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta, ó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àpò náà ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí.

Mo ní, "Ẹ ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí!"

Ó ní, "O ò bi mí."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Onílé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Wọ́n ní ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà. O dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún níwájú àgbà, o ò béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Bọ́tìnnì tuntun náà ti wà lára kóòtù rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ní Àjíǹde. Nígbà tí à ń jáde lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ sí kóòtù ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, let me." Ìyá Onílé ní, "Dúró jẹ́ẹ́." Ó fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lu àyà ara rẹ̀. Pá. Ó tún lu ú. Pá. Kò kánjú rárá. Nígbà tó dé orí ìkarùn-ún, omi ti wà lójú ọmọ, omi ti wà lójú tèmi náà, ìyá nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà nìkan ló wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí London.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì ń bọ̀ nílé. Àárọ̀ kùtù ni mo jáde pẹ̀lú ẹrù mi. Ìyá Onílé dúró dè mí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní kí n gbé àgbọ̀n mi sókè. Òun ló tẹ bọ́tìnnì kóòtù mi mọ́ mi láyà, márààrún, pẹ̀lú ọwọ́ tó ká kò yẹn, ó sì ń ṣàdúrà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò tún fojú kàn án mọ́. Inú ilé rẹ̀ ló kú sí, lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ fi kóòtù ṣe n'Íbàdàn. Ṣẹ́ẹ̀tì ni mò ń wọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ń di kékeré sí i lọ́dọọdún, àbí ìka mi ló ń le. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ mi obìnrin bá mi níbi tí mo ti ń bá ti ọrùn jà. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín dè é." Mo bínú. Mo ti la ẹnu láti lé e jáde kí n tó rántí Ìyá Onílé. Látọdún yìí wá, mo ti ń sọ ọ́ kiri pé mo ran obìnrin kan lọ́wọ́ ní Manchester. Kò yé mi rí bó ṣe le tó fún un láti dúró jẹ́ẹ́ láràárọ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ máa wọ̀ ọ́ láṣọ.

Mo gbé àgbọ̀n mi sókè, mo ń wo aago ara ògiri. Mo ní, "Tètè, bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè wá." Ọmọ mi ní, "Bọ́ọ̀sì wo, Dádì?"