Omi Ìyá Àgbà

Lọ́dún tí ọṣẹ di ohun tí à ń tò fún ní ìlà, ẹ̀yìnkùlé ló di ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní Ìbídò. Àwọn ìyá àgbà á ra kọ́sítíìkì, wọn á rẹ ẹ́ sínú omi, wọn á gbé e síta kó tutù kí wọ́n tó da epo sí i. Bó bá tutù tán, ó mọ́ gaara bí omi mímu.

Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀, pẹ̀lú oyè kẹ́mísírì tuntun tí mo ń gbé kiri bí adé. Ọṣẹ ni mo fi ṣàlàyé fáwọn ọmọ náà bí ohun méjì ṣe ń para pọ̀ di ẹ̀kẹta: kọ́sítíìkì ń jóni, epo ń ba aṣọ jẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá para pọ̀, wọ́n di ohun tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ọ̀gá ilé ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní olùbẹ̀wò ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta, òun ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ó kọ orúkọ gidi tí kọ́sítíìkì ń jẹ́ sára pátákó fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa fi kọrin: sódíọ̀mù háídírọ́sáìdì.

Ọmọkùnrin kan wà tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ti gbogbo kíláàsì. Òun lọ̀gá yàn láti dá olùbẹ̀wò lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òùngbẹ gbé e dé ilé, ó bá abọ́ kan lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀, ó gbé e mu. Ìyá àgbà sáré da epo pupa sí i lẹ́nu, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó bá gbé májèlé mì. Ọmọ náà bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé tún jó o nígbà tó ń jáde.

Ó pẹ́ lọ́sibítù. Nígbà tó padà, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ewé gbígbẹ ń họ ilẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá kó yan ẹlòmíràn. Ó ní òun ti sọ fún olùbẹ̀wò pé ọmọ yẹn ló mọ̀wé jù.

Olùbẹ̀wò dé, ó gbé ìgò omi kọ́sítíìkì tí ọ̀gá pèsè sókè. "Kí là ń pe èyí?"

Ọmọ náà sún sẹ́yìn. "Omi ìyá àgbà mi ni, sà."

"Sọ̀rọ̀ sókè."

Ó tún un sọ. Kò ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá, tí òógùn ti bò, yára nawọ́ sí ọmọ mìíràn, ìyẹn sì fi gbogbo agbára pariwo orúkọ gidi náà. Olùbẹ̀wò ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. A pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó mu ún náà bá wa pàtẹ́wọ́.