Osùn Ara Lékèélékèé

Bí obìnrin kan bá ru igi ti oko bọ̀, tó wá dúró láàárín ọ̀nà, tó gbójú sókè, tó ń wo ẹyẹ títí ọrùn fi ń ro ó, kí ni ẹ máa pè é? Ní Okpomèta, lágbègbè Kétu, wọn ò wá orúkọ náà jìnnà. Victorine ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tó ṣèrìbọmi, ṣùgbọ́n bó bá ti kọ ẹ̀yìn, ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ẹyẹ inú igbó ni wọ́n ní lọ́kàn. Àjẹ́ ni wọ́n ń wí.

Ó kàwé díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Kétu kó tó lọ sílé ọkọ. Firmin, ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ alágbàdo ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Ọmọ náà kú kó tó mọ̀ ọ́n rìn, òmíràn ò sì tẹ̀lé e. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Obìnrin tí kò lọ́mọ, tó tún ń wo ẹyẹ, ẹ̀rí wo ni wọ́n tún fẹ́? Bó bá ń lọ pọnmi, àwọn abiyamọ a máa fa aṣọ bo ojú ọmọ tó wà lẹ́yìn wọn. Victorine ń rí wọn. Ó ń dùn ún gan-an, nítorí ó fẹ́ràn ọmọ.

Ibi tó ti ń wo ẹyẹ ló tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Igi àràbà ńlá kan wà létí àbàtà, lẹ́yìn oko Firmin. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, lékèélékèé a gba ọ̀nà àríwá lọ. Àwọn ti ìdí àràbà yìí kì í lọ. Orí igi náà ni wọ́n ń kó jọ sí ní gbogbo ìgbà òjò, ìyẹn nìkan kọ́, orí wọn àti àyà wọn a máa pọ́n. Ẹyẹ funfun tó bá ń pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ló mu, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Nítorí náà, bílẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹnikẹ́ni kì í gba ìdí àràbà kọjá. Àwọn ọdẹ pàápàá ń yà fún un.

Victorine nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń wò wọ́n. Ó rí i pé akọ ló ń ṣa ẹ̀ka igi wá, abo ló ń tò ó, wọ́n sì ń jà lórí ààyè bí orogún ṣe ń jà lórí ààrò. Ó rí i pé pípọ́n náà kì í dé àfi bí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin. Bí àwọn ọmọ bá ti dàgbà, á kúrò lára wọn, wọ́n á tún funfun báláú.

Lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, ìjọ Àgùdà ní Kétu ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí, wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré lédè Yorùbá. Olùkọ́ Clément, tó ń kọ́ni ní kátíkísìmù, ló ń bójú tó o. Ọkùnrin ló ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: ìmọ̀ràn lórí òwú, ìkìlọ̀ lórí ọtí. Victorine kọ ohun tó mọ̀ nípa lékèélékèé, ó gbé e fún un. Kò sí obìnrin tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè náà. Ó sọ fún Clément pé kí àwọn èèyàn lè mọ̀ nípa ẹyẹ lòun ṣe kọ ọ́. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ohun tó ń wá ni kí wọ́n yéé bo ojú ọmọ.

Clément kà á sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, torí àwọn tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù. Ó kà á débi tó ti wí pé: "Ẹ yéé sọ pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ìyàwó ni lékèélékèé lásìkò náà. Osùn ló kùn, bí ẹ̀yin náà ṣe kùn ún nígbà tí ẹ ń lọ sílé ọkọ."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, Thérèse, tó máa ń sáré bo ọmọ tirẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, sọ ọmọ náà kalẹ̀, ó gbé e lé Victorine lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e," ló wí. "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Victorine gbé e. Ó ní ọmọ náà wúwo. Nígbà tó délé, Firmin bá a lẹ́yìn ilé tó ń sunkún, ó fi í sílẹ̀ kó sun ún tẹ́rùn.

Láti ìgbà náà, itan rẹ̀ kì í ṣófo mọ́. Ó ń gbé ọmọ, ó ń kọ̀wé: ó kọ ti ẹ̀gà, ó kọ ti àparò. Ìyá Oníwèé lorúkọ rẹ̀ di.

Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn yẹn ni ọgbà tó yí àràbà ká, Victorine ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ wó o. Nígbà tí òjò tún dé, Ràmọ́nù tó máa ń gun igi kó oyin rò ó lọ rò ó bọ̀: bí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹran ni. Ó kan èèkàn mọ́ ara igi, ó gùn ún dókè, ó sì ń ju àwọn ọmọ ẹyẹ sílẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ta èyí tí wọ́n yan gbẹ lọ́jà Kétu.

Ìyá Rosalie, ìyá Firmin, se díẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e síwájú Victorine.

"Jẹun, ìyàwó mi," ó wí tìfẹ́tìfẹ́. "Ìwé rẹ ló là wá lójú. Látọjọ́ tí a ti dáyé, ẹran ọbẹ̀ là ń sá fún."

"Ẹ ṣé, Ìyá," Victorine fèsì. Kò lè fẹnu kàn án. Ara rẹ̀ ló ń bínú sí.

Ó kọ ìwé mìíràn, ó fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àwọn ẹyẹ náà sí. Clément kà á, wọ́n mi orí, wọ́n sì padà sídìí àràbà. Àgbàdo tuntun ò tíì gbó lásìkò náà, bí ebi bá sì ti wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba ẹyẹ díẹ̀ ló padà wá sórí igi náà. Ràmọ́nù tún gbé èèkàn dé, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e tàwọn ti apẹ̀rẹ̀, Thérèse náà pọn ọmọ rẹ̀ wá. Wọ́n bá Victorine lórí ìdúró, ó fẹ̀yìn ti igi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún wa, Ìyá Oníwèé," Ràmọ́nù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àbí tiyín ni àwọn ẹyẹ náà?"

Àwàdà ló ń ṣe, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Victorine gbójú sókè, ó rí àwọn tó ṣẹ́ kù tí wọ́n ti kun osùn wọn. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn Thérèse, tó ti ń nawọ́ sí i. Orúkọ rere sàn ju wúrà òun fàdákà lọ, ta ló sì mọ̀ ọ́n tó Victorine, tí tirẹ̀ ò tíì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

"Tèmi ni wọ́n," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní tèmi ni wọ́n. Ẹ ti jẹ nínú wọn. Mo mọ gbogbo ẹni tó jẹ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Ràmọ́nù rọra kó èèkàn rẹ̀ sínú àpò. Thérèse fa aṣọ sókè, ó bo ojú ọmọ náà.

Kò sẹ́ni tó tún gun àràbà mọ́. Àwọn àgbà ìjọ ò jẹ́ kí ìwé ìròyìn gba ọ̀rọ̀ Victorine mọ́, wọn ò sì gbé ọmọ fún un. Ìyá Rosalie ń dá oúnjẹ tirẹ̀ sè. Firmin, tó mọ òtítọ́, pa ẹnu mọ́ bí Victorine ṣe bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di ọdún mélòó kan, tí ẹyẹ ti kún orí igi náà padà, Olùkọ́ Clément gun kẹ̀kẹ́ wá bá a.

"Èmi ò gbà á gbọ́ rí," ló wí. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ lo pa, Victorine. Èmi fúnra mi ni màá kà á fún wọn."

Victorine nawọ́ sápá ibi tí àràbà wà.

"Bí mo bá kọ ọ́, Olùkọ́, wọ́n á gbà mí gbọ́."

Clément gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó padà sí Kétu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Victorine gbé ìkòkò rẹ̀, ó ń lọ pọnmi. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà, kí àwọn abiyamọ má baà máa ṣe wàhálà àtifa aṣọ.