Yanrìn Inú Bọ́ọ̀lù

Ọjọ́ tí Ajídáà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Cadjèhoun, ní Kútọnú, mo rò pé ó wá mú mi ni. Ìgbà ìjọba Ìyípadà àwọn ológun ni, ìgbà tí gbogbo wa, àti ọ̀gá àti ìránṣẹ́, ń jẹ́ kámáráàdì, tí ẹnu ẹni sì lè kó bá ẹni kí èèyàn tó pa á dé. Ṣọ́jà ni ọkùnrin náà. Ajídáà ni ipò rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, a ò sì fi orúkọ mìíràn pè é rí. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan tó ti ya síwájú mi.

“Kámáráàdì aránbàtà, ṣé o lè rán èyí?”

Mo ní mo lè rán an. N kò rán bọ́ọ̀lù rí láyé mi, bàtà ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún ṣọ́jà nígbà yẹn pé òun ò mọ nǹkan ṣe?

Bọ́ọ̀lù tiwa nígbà náà kì í ṣe irú tòní tí atẹ́gùn ń gbé kiri. Awọ màlúù gidi ni, tí wọ́n gé sí abala abala tí wọ́n sì rán pọ̀. Àpò rọ́bà kan wà nínú rẹ̀ tí à ń fẹ́ atẹ́gùn sí, a ó wá fi okùn awọ di ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń di bàtà. Òlu ni mo fi ń lu ihò. Okùn tí mo ti fi ìda oyin pa ni mo fi ń rán an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Bí òjò bá pa á, awọ náà á mu omi yó. Ẹni tó bá sì fi orí kan ibi tí okùn wà, á gbé àpá rẹ̀ lọ sílé níwájú orí. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà ni.

Ọmọ ìlú Pobè bíi tèmi ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí Ajídáà ń kọ́. Bónífáàsì ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ọmọlúàbí sì ni. Fòfó ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ní Kútọnú. Kò sí bọ́ọ̀lù òkè tí kò ní fi orí kàn, àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní Orí-Irin. Bó bá ti fò báyìí, gbogbo pápá á ké pé, “Orí ẹ ò ní dàrú!” Àdúrà la rò pé à ń ṣe. Èmi náà ké e títí ohùn mi fi há.

Ajídáà ní orí tó le yìí gbọ́dọ̀ tún le sí i. Ó ní kí n rán bọ́ọ̀lù kan tí kò ní atẹ́gùn nínú, kí n fi nǹkan kì í, kí wọ́n so ó rọ̀ sára igi góòlù, kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn máa fi orí kàn án láràárọ̀. Inú mi dùn, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá bá aránbàtà. Mo fi òwú àràbà àti àkísà kì í, Ajídáà gbé e wò, ó ní kò wúwo tó. Mo bá lọ bu yanrìn ní etíkun Fidjrossè. Aṣọ pupa kan wà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ní kí n ṣẹ́ etí rẹ̀ fún àsíá ìwọ́de. Mo rẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan, mo di yanrìn náà sínú rẹ̀, mo fi okùn onída wé e gbọn-in, mo gbé ìdì náà sí àárín gbùngbùn bọ́ọ̀lù. Àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ ọ́ ní Kámáráàdì. Wọ́n ní ẹni tí Kámáráàdì ò bá tíì fún ní ẹ̀fọ́rí kò tíì wọ ẹgbẹ́.

Ní ọjọ́ òjò kan, Bónífáàsì fi orí kan bọ́ọ̀lù tó ti mu omi, ó ṣubú. Nígbà tó dìde, ó bi mí léèrè pé, “Fòfó, apá ibo là ń gbá sí?” A rẹ́rìn-ín, a tì í padà sínú pápá.

Lọ́sẹ̀ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan.

“Fòfó, orí ń fọ́ mi.”

“Láti ìgbà wo?”

“Mi ò rántí ìgbà tí kò fọ́ mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu yanrìn yẹn kúrò. Ẹ má jẹ́ kí Ajídáà gbọ́.”

Mo ṣèlérí fún un. Mo sì tú ojú rírán náà lóòótọ́, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi ti ba ìdì náà kí n tó rò ó wò pé, bí Ajídáà bá gbé e tó rí i pé ó fúyẹ́ ńkọ́? Wọ́n ti mú télọ̀ kan ládùúgbò wa lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, wọ́n ní ọ̀tá Ìyípadà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Iṣẹ́ náà wù mí. Ó rí rogodo, ó le, n kò fẹ́ bà á jẹ́. Mo rán an padà bó ṣe wà.

Nígbà tí Bónífáàsì dé, mo ní, “Mo ti bù ú kúrò.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ní òun ti rí i pé ó fúyẹ́. Ó fi orí kan yanrìn mi láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rin sí i.

Ọjọ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ẹgbẹ́ fún un ní Kámáráàdì kó fi ṣe ìrántí. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ ọn lójú. Ó kọ́kọ́ ń kó ìwé sí dúrọ́ọ̀ tí kì í ṣe tiwọn ní ọ́fíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lu Àńjẹ̀lì ìyàwó rẹ̀, ẹni tí kò pariwo mọ́ rí. Mo tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, ó wá béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn. Àńjẹ̀lì ní rárá, bọ́ọ̀lù ló gbá. Dókítà ní irú èyí ni òun ń rí lára àwọn akànṣẹ́ tó ti dàgbà, pé orí tí wọ́n bá ń lù nígbà gbogbo, ọpọlọ inú rẹ̀ lè máa jẹra díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Èmi tí mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo lè fọwọ́ sọ̀yà.

Àńjẹ̀lì ò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣojú lásán. Aríran kan níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà ti sọ fún un pé àwọn ọ̀tá di nǹkan sínú bọ́ọ̀lù tí ọkọ rẹ̀ ń gbá. Ó ránṣẹ́ sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó gbé Kámáráàdì síwájú mi.

“Fòfó, ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ bá mi tú u.”

Bónífáàsì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo gé okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àńjẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń fa àkísà jáde, ló ń fa òwú jáde, títí tó fi kan ìdì aṣọ pupa tí wọ́n fi okùn wé.

“Jésù! Òun nìyí! Òun náà nìyí!”

Ó bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó. Ó ní Ọlọ́run ti tú àṣírí wọn, ọkọ òun máa gbádùn. N kò rí obìnrin náà kó yọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ayé. Ojú ti mí, ẹ̀rù bà mí, mo fẹ́ dákẹ́.

“Àńjẹ̀lì,” mo ní, “èmi ni mo dì í. Yanrìn Fidjrossè ni. Kò sí oògùn níbẹ̀.”

Ijó dúró lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó já okùn náà, yanrìn dà sí i lọ́wọ́, ó dà sílẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi sọ fún mi pé ẹ ti bù ú kúrò.”

“Mo purọ́ fún un.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò bú mi, ìbá sì bú mi ni. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo yanrìn náà.

“Oògùn ni mo ń wá, Fòfó. Oògùn, èèyàn á rí ẹni tó máa bá a tú u. Ta ló máa bá mi tú èyí?”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ní bí mo bá ń lọ, kí n kó yanrìn mi dání.